Fèrè Tí Bàbá Dùùrù Kò Gbọ́

Èyí-Tó-Kàn ni gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ̀ngàn orin ń pè é, ọkọ rẹ̀ ló sì fa orúkọ náà. Ìsàlẹ̀ wọn ni mo ń gbé, èmi ní àjà kejì, àwọn ní ìkẹta. Díẹ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi. Èyí tó pọ̀ jù, ẹnu obìnrin náà ni mo ti gbọ́ ọ, nígbà tí kò sí ẹni tó ń bò láṣìírí mọ́.

Iṣẹ́ àtúnṣe dùùrù ni ọkọ rẹ̀ ń ṣe. Mi ò sọ dùùrù kékeré tí èèyàn ń gbé sí kọ̀rọ̀ pálọ̀. Dùùrù olófèrè ni mò ń wí, èyí tó ga tó ilé alájà mẹ́ta, tó gba gbogbo ògiri iwájú gbọ̀ngàn láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Fèrè inú rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Èèyàn lè rá wọ inú èyí tó tóbi jù. Èyí tó kéré jù kò sì ju ìka ọmọdé lọ. Ẹ̀rọ kan wà nísàlẹ̀ ilé tó ń fẹ́ atẹ́gùn sókè. Bí ẹni tó jókòó sídìí dùùrù bá ti tẹ ọ̀kan nínú eyín rẹ̀, àwọn funfun àti dúdú yẹn, ihò kan á ṣí lábẹ́ fèrè, atẹ́gùn á wọlé, fèrè á ké.

Ẹnì kan kì í dá irú dùùrù bẹ́ẹ̀ tún ṣe. Ọ̀gá á wọ inú lọ́hùn-ún láàárín àwọn fèrè, á gun àkàbà, á máa fi irin pẹlẹbẹ kan rọra gbá orí fèrè kọ̀ọ̀kan títí ohùn rẹ̀ á fi bá ti ẹnìkejì rẹ̀ mu. Ẹlòmíì á jókòó síta, á máa tẹ eyín dùùrù lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò ní ṣe orin, kò ní dá àrà. Á tẹ ẹyọ kan, á dúró, títí ẹni inú lọ́hùn-ún á fi kígbe pé, "Èyí tó kàn!" Nígbà yẹn ló máa tó tẹ òmíràn.

Iṣẹ́ tí obìnrin yìí ṣe fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nìyẹn.

Aránṣọ ni tẹ́lẹ̀. Aṣọ àwọn tó ń gbàlejò nínú gbọ̀ngàn ló wá gbé fún wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá ọkùnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó kó eruku sórí, tó ń fapá jánú pé ẹni tó yẹ kó wá bá òun tẹ dùùrù kò wá.

Ọkùnrin náà wò ó. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè tẹ nǹkan kan mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ má gbé ọwọ́ kúrò?"

"Aránṣọ ni mí," ni obìnrin náà fèsì. "Láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni mo fi ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀."

Ó jókòó. Lẹ́yìn bí ogún fèrè, ọkùnrin náà yọrí jáde láàárín àwọn fèrè bí ọ̀kẹ́rẹ́, ó ní, "Kí ohùn fèrè tó bá ti ẹnìkejì mu, ṣé ẹ ń gbọ́ nǹkan kan?"

"Ó ń gbọ̀n. Ó dà bí ìgbà téèyàn ń sọ̀rọ̀ síwájú fáànù. Bẹ́ ẹ bá gbá a, á máa rọra gbọ̀n, títí á fi dákẹ́ gbígbọ̀n."

Ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi di àkàbà mú. Ó ní ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ lo odidi ọdún kan kó tó lè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yẹn fún òun, aránṣọ kan wá fi ogún ìṣẹ́jú mọ̀ ọ́n. Kí ọdún yẹn tó parí, ó fẹ́ ẹ.

Òun ló kọ́ obìnrin náà bí wọ́n ṣe ń gbọ́ nǹkan. Ó máa ń sọ fún un pé, "Má gbọ́ fèrè. Ohun tó wà láàárín fèrè méjèèjì ni kó o gbọ́." Kí oòrùn tó mú, kí ariwo títì tó bẹ̀rẹ̀, inú gbọ̀ngàn yẹn ni wọ́n máa ń wà, àwọn méjèèjì nìkan, àga òfìfo tó ju ẹgbẹ̀rún lọ níwájú wọn. Ọkọ á wà nínú lọ́hùn-ún, aya á wà níta, wọn ò ní rí ara wọn, ohùn wọn nìkan ni yóò máa pàdé. Wọ́n bímọ méjì. Obìnrin náà gbé àwọn méjèèjì sẹ́yìn lọ síbi iṣẹ́, ó ní kò sí ohun tó ń mú ọmọ sùn bíi fèrè kan ṣoṣo tó ń ké títí. Ọmọ dàgbà, ọkùnrin gba ìlú òkèèrè lọ, obìnrin di nọ́ọ̀sì. Bàbá wọn ò yéé pe ìyá wọn ní "ìyàwó", bí ẹni pé àná ni wọ́n gbé e wálé. Òun náà ò yéé pe ọkọ ní "ọ̀gá mi", bó ṣe pè é lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ohun kan wà tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Nínú gbogbo ọdún yẹn, obìnrin yìí kò jókòó gbọ́ orin nínú gbọ̀ngàn náà rí. Lọ́jọ́ tí orin bá wà, ẹ̀yìn dùùrù ni òun àti ọkọ rẹ̀ máa ń wà, nínú ọ̀nà tóóró kan, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti àpò irinṣẹ́, nítorí bí nǹkan bá há. Ibẹ̀ yẹn, hẹ́ẹ́ẹ́ atẹ́gùn lèèyàn ń gbọ́, àti kó-kó-kó igi tó ń ṣí tó ń pa dé. Ọkẹ́sítírà tó wà níwájú a máa dún bí ìgbà tí ará ilé kejì bá ń ṣe àríyá tí wọn ò pe èèyàn sí. Ọkọ rẹ̀ á ní, "Fara balẹ̀. Bí mo bá fẹ̀yìn tì, a máa jókòó sáàárín gbùngbùn, a máa gbọ́ ọ bó ṣe yẹ ká gbọ́ ọ."

Ọkùnrin náà ti lé díẹ̀ lẹ́ni ọgọ́ta ọdún nígbà tó kígbe "Èyí tó kàn!" láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí fèrè sì ń gbọ̀n lọ́wọ́. Obìnrin náà kò gbé ìka rẹ̀ kúrò. Ó rò pé ọkọ òun ń kánjú ni.

"Ọ̀gá mi, ó ṣì ń gbọ̀n o."

Ọkọ rẹ̀ béèrè láti inú lọ́hùn-ún pé, "Ó ń gbọ̀n?"

"Ó ń gbọ̀n."

Ó gbá a. "Báyìí ńkọ́?"

"Ó ti dúró."

"Ìyàwó, o ti wá le ju èmi gan-an lọ!" Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, fèrè méjì ni. Kó tó di ìparí ọdún, kò sí ọ̀kan nínú àwọn fèrè kéékèèké, àwọn tí ohùn wọn rí tín-ín-rín, tí kì í ṣe obìnrin náà ló ń sọ ibi tó yẹ kí ọkọ dúró. "Díẹ̀ sí i, ọ̀gá mi. Ó ti kọjá, ẹ dá a padà. Ó tó." Ọkọ rẹ̀ rò pé etí ìyàwó òun ló ń mú sí i. Ó ń fi yangàn fáwọn òṣìṣẹ́ pé, "Ìyàwó mi yẹn, kì í gba gbàrọgùdù. Àfi kó dáa."

Ìyàwó mọ̀ pé kì í ṣe etí òun ló ń mú sí i.

Àmì pọ̀ nínú ilé. Kẹ́tùlù á máa súfèé lórí iná títí omi á fi gbẹ, bàbá á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń ka ìwé ìròyìn. Bí ọmọ wọn bá pè lórí fóònù, á ní fóònù náà ti bàjẹ́. Wọ́n ra òmíràn, ìyẹn náà tún "bàjẹ́". Lọ́jọ́ kan mo gun òkè lọ bá wọn, mo tẹ aago ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹrin, mo ń gbọ́ ọ bó ṣe ń dún nínú ilé. Obìnrin náà ló sáré wá ṣí i, ọṣẹ sì wà lójú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ jókòó sábẹ́ aago gan-an. "Ẹ má bínú," ni obìnrin náà sọ fún mi, "bàtírì aago yìí ti kú." Mo wo ojú rẹ̀, mo ní mo ti rí i bẹ́ẹ̀.

Ọmọ wọn obìnrin kò dákẹ́ bíi tèmi. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí Dádì lọ rí dókítà etí."

"Dádì ẹ ò ní nǹkan kan."

"Mọ́mì."

"Mo ní kò ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ rẹ ni kì í já geere."

Kí ló dé tí kò sọ? Ó ní ìgbàkígbà tí òun bá fẹ́ la ẹnu, òun á rí ọwọ́ ọkùnrin náà bó ṣe ń nu irin pẹlẹbẹ yẹn, tó ń fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun. Òun á wá dákẹ́. Bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́: òwe yẹn ló fi tan ara rẹ̀ jẹ. Fún ọdún mẹ́rin gbáko, etí obìnrin ló ń tún dùùrù yẹn ṣe, ọwọ́ ọkùnrin ló ń gba ìyìn.

Ìgbà tó yá, gbọ̀ngàn fẹ́ ṣe orin ńlá kan, orin tuntun tí wọ́n kọ fún dùùrù olófèrè àti ọkẹ́sítírà pa pọ̀. Ọkẹ́sítírà náà lé ní ọgọ́rin èèyàn. Nínú irú orin bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun èlò yòókù ló lè yí ohùn padà. Onífayolíìnì á yí okùn, onífèrè á fún ètè. Dùùrù nìkan ni kì í yí. Bó bá ṣe wà ló wà, àwọn ọgọ́rin yẹn ló gbọ́dọ̀ wá bá a níbi tó wà. Tọkọtaya náà lo ọjọ́ mẹ́sàn-án lórí rẹ̀, wọn ò fo fèrè kan.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n wá fi orin náà dánra wò. Wọ́n parí abala kìíní, adarí orin, ọkùnrin kan tó lọ́yàyà, sì dáwọ́ dúró. Ó ní kí bàbá tó tún dùùrù ṣe jáde wá, kí gbogbo wọn kí i. Bàbá Dùùrù, bí wọ́n ṣe ń pè é níbẹ̀, jáde láti ẹ̀yìn, ó ń fi ìnujú nu ọrùn. Àwọn onífayolíìnì ń fi ọ̀pá orin tí wọ́n fi ń fa fayolíìnì gbá ìdúró ìwé, bí wọ́n ṣe máa ń pàtẹ́wọ́ nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, inú rẹ̀ ń dùn.

Adarí ní kó sọ̀rọ̀ díẹ̀.

"Ẹ ṣeun," ni bàbá bẹ̀rẹ̀. "Mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí ọ̀pọ̀ nínú yín tó jáde nílé ẹ̀kọ́…"

Ìgbà yẹn ni fèrè kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké lókè. Ẹnikẹ́ni kò tẹ nǹkan kan. Bóyá eruku ló há ihò kan, tí kò jẹ́ kó pa dé. Ohùn rẹ̀ rí tín-ín-rín, ó mú, bí ẹ̀fọn tó wọ etí. Ọgọ́rin orí ló gbé sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "…ti dùùrù yìí, mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín pé kò sí fèrè kan ṣoṣo nínú ẹ̀ tó ń ṣe tinú ara ẹ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn onífayolíìnì bú sẹ́rìn-ín. Ó rò pé bàbá ń ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ẹ̀rín náà ran àwọn yòókù, gbogbo ìtàgé ń rẹ́rìn-ín. Bàbá rí i pé ọ̀rọ̀ òun dùn mọ́ wọn, òun náà wá ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Obìnrin náà sọ fún mi pé bí òun bá gbàgbé gbogbo nǹkan láyé, òun ò ní gbàgbé ẹ̀rín yẹn.

Adarí ló kọ́kọ́ dákẹ́. "Bàbá," ló pè é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ẹ ò gbọ́ ọ ni?"

"Kí n gbọ́ kí ni?"

Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́, àfi fèrè yẹn. Bàbá wo ojú àwọn èèyàn náà, ó rí i pé òkè ni wọ́n ń wò. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìyàwó, kí ni wọ́n ń gbọ́?"

"Fèrè kan ló ń ké, ọ̀gá mi."

"Èwo?"

"Ọ̀kan lára àwọn ti òkè pátápátá."

"Láti ìgbà wo?"

"Kò tíì ju ìṣẹ́jú kan lọ…" Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ló rí ojú ọkọ rẹ̀, tó mọ̀ pé kì í ṣe fèrè lọkùnrin náà ń béèrè.

Bàbá wọ inú dùùrù, ó gun àkàbà. Wọ́n ń gbọ́ bí bàtà rẹ̀ ṣe ń kan igi. Kò lè rí èyí tó ń ké, ìyàwó rẹ̀ ló dúró síta tó ń júwe fún un níwájú gbogbo ẹgbẹ́: "Ìlà kẹta. Ẹ máa lọ sápá ọ̀tún. Ẹ ṣì máa lọ. Ẹ ti kọjá ẹ̀, ọ̀gá mi." Ìka ló ń fi kan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí afọ́jú tó ń wá ìlẹ̀kùn, títí tó fi kan èyí tó ń gbọ̀n. Fèrè dákẹ́. Bàbá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú eruku lórí, ó gba àárín wọn kọjá, kò wo ẹnì kankan, ó jáde sí títì.

Obìnrin náà bá a nílé, lórí bẹ́ẹ̀dì, tòun ti bàtà.

"Ọdún mélòó?"

"Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ kí n…"

"Ọdún mélòó ni mo bi ọ́."

"Mẹ́rin."

Bàbá tún un sọ bí ẹni tó ń tọ́ oògùn wò. "Mẹ́rin."

"Mi ò fẹ́ kí inú yín bàjẹ́ ni."

"Inú mi ò bàjẹ́. Ìtìjú ló pa mí." Kò pariwo, ìyẹn ló burú jù. "Ká ní o sọ fún mi, ǹ bá fọwọ́ ara mi fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ǹ bá sọ fún wọn pé mo ti dàgbà, ó tó gẹ́ẹ́. Wọn ì bá bọ̀ mí lọ́wọ́, ǹ bá máa lọ bí èèyàn. Ṣùgbọ́n o jẹ́ kí n dúró síwájú ọgọ́rin èèyàn, kí n máa bá wọn fi ara mi rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́rin, ìyàwó! Ẹlòmíì ló yẹ kó tàn mí."

Àìlèsọ̀rọ̀ ni ìpilẹ̀ orí burúkú, tirẹ̀ sì ti pẹ́ jù. Ó kúnlẹ̀, ó bá a tú okùn bàtà. Bàbá jẹ́ kó tú u, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan orí rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, alábòójútó gbọ̀ngàn wá sílé. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni alábòójútó yìí. Etí àga ló jókòó sí, tíì tí wọ́n gbé fún un tutù mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò tíì rí bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí bàbá fi dìde, tó mú kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta wá: ti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ti inú dùùrù, ti yàrá ẹ̀rọ atẹ́gùn. Ó tò wọ́n sórí tábìlì. Alábòójútó sunkún. Ó fi tíkẹ́ẹ̀tì méjì sílẹ̀, àga àárín gbùngbùn. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ wá. Ẹ̀yin lẹ ṣiṣẹ́ náà."

Obìnrin náà rò pé ọkọ òun ò ní lọ. Nírọ̀lẹ́ Sátidé, ó rí i tó fá irùngbọ̀n, tó wọ kóòtù dúdú, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń dúró dè é.

Wọ́n jókòó. Iná gbọ̀ngàn rọ̀, adarí gbọ́wọ́ sókè, ọkẹ́sítírà bẹ̀rẹ̀. Abala kìíní le, ó kún fún fèrè idẹ àti ìlù ńlá, bàbá sì ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń rí i bí orí rẹ̀ ṣe ń mì. Ìgbà tó di abala kejì, gbogbo ẹ̀ rọlẹ̀. Àwọn onífayolíìnì nìkan ló ń ṣe é, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó sùn.

Dùùrù wọlé sábẹ́ wọn. Kò sí ẹni tó lè sọ pé báyìí ló wọlé. Obìnrin náà kàn ṣàdédé mọ̀ pé ilẹ̀ ti wà lábẹ́ orin náà, pé ó ti wà níbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ó mọ àwọn fèrè yẹn bí ìyá ṣe ń mọ ikọ́ ọmọ rẹ̀ láàárín ikọ́ ọgọ́rùn-ún. Ó ti tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Ṣùgbọ́n ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ti ń gbọ́ láti gbogbo ọdún yìí wá. Kò mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn.

Ó ń gbọ́ bí onífayolíìnì ṣe gbọ́dọ̀ fa ọ̀pá lọ kó sì dá a padà, bí onífèrè ṣe gbọ́dọ̀ mí. Gbogbo wọn ló ń rẹ̀. Dùùrù ò mí, kò rẹ̀ ẹ́. Ó kàn tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, ó ń gba ohùn gbogbo wọn dúró bí wọ́n ṣe ń mí. Fayolíìnì kan gòkè lọ lóun nìkan, fèrè kékeré kan nínú dùùrù sì lọ bá a lókè lọ́hùn-ún, àwọn méjèèjì wá di ohùn kan. Ó tẹ́tí sí àárín wọn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kò gbọ̀n rárá. Òun ló dúró lórí fèrè yẹn láàárọ̀ Ọjọ́rú, tó ní, "Ó ti kọjá, ẹ dá a padà."

Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ṣé ó ti wọlé?"

Ọkọ rẹ̀ ló béèrè. Ó rò pé òun ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, ṣùgbọ́n adití kì í mọ ìwọ̀n ohùn ara rẹ̀. Àwọn tó wà níwájú yíjú padà. Obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá ń wo ọ̀pá orin tó ń lọ tó ń bọ̀, ó ń wo àwọn fèrè gàgàrà orí ògiri. Ó wá wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó rí omijé, ó sì fi àtàǹpàkò nù ún fún un.

"Ó rò pé nítorí òun ni mo ṣe ń sunkún," ni obìnrin náà wí fún mi. "Mo sì jẹ́ kó rò bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Mi ò rántí ẹ̀ rárá nígbà yẹn. Orin yẹn ló ń pa mí. Ọkọ mi jókòó tì mí, kò gbọ́ nǹkan kan, mo sì ń gbádùn ju ọjọ́kọ́jọ́ láyé mi lọ."

Níparí, gbogbo fèrè ké pa pọ̀ pẹ̀lú gbogbo ọkẹ́sítírà, ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Bàbá gbọ́ ìyẹn. Ó ní ó dà bí ìgbà tí ọkọ̀ ẹrù ńlá ń kọjá níwájú ilé.

Ó tó ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà kí bàbá tó dárúkọ orin náà. Wọ́n ń mu tíì àárọ̀. "Sọ bó ṣe rí fún mi."

Ìyàwó kọ́kọ́ ń sọ ọ́ ní kúkúrú. Ọkọ ń fi ìbéèrè fà á, irú èyí tí oníṣẹ́ nìkan ń béèrè. Nígbà tí gbọ̀ngàn móoru, ṣé ohùn gòkè? Àwọn ńlá apá òsì, ṣé wọ́n yára sọ̀rọ̀? Díẹ̀díẹ̀ obìnrin náà gbàgbé ara rẹ̀. Ó fi ife sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣàpèjúwe bí fayolíìnì ṣe gòkè, bí fèrè kékeré ṣe lọ bá a. Ó pariwo rẹ̀ kí ọkọ lè gbọ́; èmi náà gbọ́ ọ nísàlẹ̀.

Bàbá wò ó títí ó fi dákẹ́. "O gbádùn ẹ̀," ló wí.

Ọdún mẹ́rin ló ti fi pa òtítọ́ mọ́. Ó rò pé ó yẹ kí òun sọ ọ̀kan báyìí. "Mo gbádùn ẹ̀, ọ̀gá mi."

"Ó dáa." Ó gbé ife rẹ̀, ó lọ jókòó sí báńkóní. Láti ọjọ́ yẹn, kò bi í léèrè orin mọ́.

Ọmọ wọn obìnrin mú un lọ rí dókítà, wọ́n fún un ní ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀. Ó ní gbogbo ohùn èèyàn ló ń dún bí agolo, títí kan ti ìyàwó òun, ó sì jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Wọn ò jà. Wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń sùn. Ó ṣì ń pè é ní ìyàwó. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ní bí òun bá ti wọ yàrá, òun á rí i tó ń wo ẹnu òun, kì í wo ojú òun mọ́, bí ẹni tó ń yẹ ìwé wò bóyá ayédèrú ni.

Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ló pa á, lọ́dún kejì. Lọ́jọ́ tó máa lọ, ìyàwó rẹ̀ fi ẹnu kan etí rẹ̀, ó ní kó forí ji òun. Bàbá mi orí. Bóyá ó gbọ́, bóyá ó kàn ń fi orí dá a lóhùn bó ṣe ti wá ń ṣe fún gbogbo èèyàn, obìnrin náà ò mọ̀. Ó ní orí ọ̀rọ̀ yẹn ni òun máa ń jí sí láàárọ̀.

Ẹni tuntun tó ń tún dùùrù ṣe wá bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì pé kó wá bá òun jókòó sídìí ẹ̀. Kò lọ. Lọ́dún tó kọjá, gbọ̀ngàn tún fẹ́ ṣe orin yẹn, alábòójútó sì fi tíkẹ́ẹ̀tì kan ránṣẹ́ sí i. Ó mú un wá fún mi nísàlẹ̀, ó ní kí n má jẹ́ kó ṣòfò.

Mo lọ. Nígbà tí mo padà dé, mo gun òkè lọ bá a, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà báńkóní. Mo ti ń to ohun tí mo máa sọ fún un nípa orin náà láti inú bọ́ọ̀sì. Ó ń ká aṣọ lórí okùn.

"Màmá, mo ti dé o."

"Káàbọ̀, ọmọ mi," ló dáhùn. Kò yíjú padà, kò sì bi mí léèrè orin. "Bá mi gbé àga yẹn wọlé. Òjò ń bọ̀."